Yàrá Inú Yàrá: Kíkọ́ Ilé Ìgbohùnsílẹ̀ Sínú Ilé Alámọ̀ Àtijọ́

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ kún gbọ̀ngàn yìí, ẹ kú ìkàlẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ fún àgbà, mo kí ọ̀dọ́ kú iṣẹ́. Iṣẹ́ mi ni kíkọ́ yàrá tí a ti ń gba ohùn sílẹ̀, èyí tí gbogbo wa ń pè ní sítúdíò. Ẹ ní kí n wá sọ bí a ṣe lè kọ́ ọ sínú ilé àtijọ́, kí ariwo ìta má wọlé, kí ilé náà má sì bàjẹ́.

Kàdúná tí a jókòó sí yìí kì í ṣe àjèjì sí iṣẹ́ ohùn. Ní 1962 ni BCNN, ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ti ìjọba Àríwá ìgbà náà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níhìn-ín. Nígbà yẹn, ta ló lówó sítúdíò bí kò ṣe ìjọba? Lónìí, ọmọ tó ń kéwì, ọmọ tó ń kọrin nínú ìjọ, ọmọ tó ń ka ìpolówó ọjà ní Hausa àti Yorùbá, kálukú ló ti ní máìkì àti kọ̀ǹpútà. Yàrá ni wọn kò ní. Òru ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, lẹ́yìn tí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò bá ti sinmi.

Ìbéèrè tí wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, fóòmù wo ni ká rà?" Ẹ jẹ́ kí n dáhùn rẹ̀ ná kí n tó lọ síwájú. Fóòmù tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri, àti páálí ẹyin tí àwọn mìíràn ń kó jọ, kò dá ariwo ìta dúró. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń gba díẹ̀ mu nínú ohùn tó wà nínú yàrá, pàápàá ohùn òkè, kó má baà ta padà sí máìkì. Ariwo kẹ̀kẹ́ NAPEP ń gba inú fóòmù kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Iṣẹ́ méjì ló wà níbẹ̀: kí a dá ariwo dúró, kí a sì tún ohùn inú yàrá ṣe. Ìwúwo ló ń ṣe ti àkọ́kọ́, ohun rírọ̀ ló ń ṣe ti èkejì. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ á náwó tán, á sì tún máa dúró de òru.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ mú kúrò níbí. Nínú ilé àtijọ́, ohun tó ń dá ariwo dúró àti ohun tó ń dáàbò bo ilé, nǹkan kan náà ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ wa. Kí ẹ kọ́ yàrá tuntun sínú yàrá àtijọ́, kí tuntun má fara kan àtijọ́. Gbogbo àlàyé yòókù, orí èyí ló dúró lé.

Ilé tí mo fẹ́ fi ṣàpẹẹrẹ wà ní Zaria. Oníṣòwò obì kan, ọmọ Yorùbá tó ń fi ọkọ̀ ojú irin kó obì láti Ṣàgámù wá sí òkè Ọya, ló gba àwọn magini Hausa, ìyẹn àwọn tó ń fi amọ̀ mọlé, láti kọ́ ọ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ni ín báyìí, Alhaja tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Màmá. Ọmọ ọmọ Màmá ló fẹ́ sítúdíò. Àwọn kan nínú ẹbí ní kí wọ́n wó ilé náà kí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ṣọ́ọ̀bù sójú títì. Màmá kọ̀. Ó wá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Ọmọ mi, ohun tó bá wù yín ni kí ẹ ṣe níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣó kankan ò gbọdọ̀ wọ ògiri bàbá mi." Mo ní, "Màmá, ẹ ṣeun. Ohun tí iṣẹ́ náà gan-an fẹ́ lẹ sọ yẹn."

Ẹ jẹ́ ká wo ògiri náà. Tubali ni wọ́n fi mọ ọ́: amọ̀ tí wọ́n fi koríko pò, tí wọ́n fọwọ́ ṣe ní ṣóńṣó, tí wọ́n sá sóòrùn títí tó fi le. Wọ́n á tò ó ní ìlà, wọ́n á fi amọ̀ tútù dì í láàárín, wọ́n á tún to òmíràn lé e. Nísàlẹ̀, ògiri náà nípọn tó ìdajì mítà, ó sì ń fẹ́lẹ́ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń gòkè. Irú ògiri yìí, bí a bá gé mítà onígun mẹ́rin kan jáde lára rẹ̀, ó lè wúwo ju 800 kìlógíráàmù lọ. Ti búlọ́ọ̀kù oníhò tí a ń fi kọ́lé káàkiri báyìí, tòun ti rẹ́ńdà rẹ̀, kò tó ìdajì ìyẹn. Ìmọ̀ nípa ohùn sì sọ fún wa pé bí ìwúwo ògiri bá di ìlọ́po méjì, ariwo tó ń gbà á kọjá á fi nǹkan bí dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 6 dín kù; dẹ́síbẹ́ẹ̀lì ni ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí ariwo ṣe lágbára tó. Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹni tó kọ́ ilé náà ti ra ohun tó wọ́n jù lọ sílẹ̀ dè yín. Ó ká mi lára nígbà tí mo bá rí ọ̀dọ́ tó wó irú ògiri bẹ́ẹ̀ palẹ̀, tó wá ń wá owó búlọ́ọ̀kù kiri.

Mo fọwọ́ lé ògiri yẹn nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù ń kọjá lójú títì. N kò gbọ́ nǹkan kan níbi tí ọwọ́ mi wà. Síbẹ̀, ariwo ọkọ̀ náà kún inú yàrá. Ibo ló ti wọlé? Abẹ́ ilẹ̀kùn ni, níbi tí ìka méjì lè gbà kọjá. Ihò atẹ́gùn kékeré òkè ògiri ni. Èyí tó burú jù ni orí ògiri fúnra rẹ̀. Nígbà kan, wọ́n ti ká òrùlé amọ̀ àtijọ́ kúrò, wọ́n fi páànù bò ó, wọ́n sì fi àlàfo tó gba ìkúùkù sílẹ̀ láàárín ògiri àti páànù. Ẹyẹ ológoṣẹ́ ti tẹ́ ìtẹ́ síbẹ̀ yíká.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò gbe òwe náà. Ká ní ògiri kan ń dá dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 60 dúró. Ìyẹn ni pé nínú agbára ariwo tó bá a, ẹyọ kan péré nínú mílíọ̀nù kan ló ń kọjá. Ká ní ògiri náà gùn ní mítà 4, ó ga ní mítà 3. Bí ẹ bá lu ihò tó jẹ́ 30 sẹ̀ǹtímítà sí 40 sára rẹ̀, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ògiri lẹ ṣí sílẹ̀. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ariwo á gba ibẹ̀ wọlé tààrà, ògiri tó ń dá 60 dúró á sì di ògiri tó ń dá 20 dúró. Ẹ lè fi òkúta kọ́ ìyókù, kò ní yí ìṣirò yẹn padà. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń ná owó lórí ilẹ̀kùn àti òkè ilé ju orí ògiri lọ.

Ohun mìíràn tún wà tí àwọn tó kọ́ irú ilé yìí ti ṣe fún wa láìmọ̀. Nínú ilé Hausa, ẹni tó bá wọlé láti ìta á kọ́kọ́ bọ́ sí zaure, níbi tí wọ́n ti ń gba àlejò. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ilẹ̀kùn zaure tó kọjú sí ìta àti èyí tó wọ inú ilé kì í kọjú síra wọn, kí ẹni tó wà lóde má baà rí inú agboolé. Ohun tí ojú kò rí tààrà yẹn, ohùn náà kò ní ọ̀nà tààrà débẹ̀. Ẹ fi zaure sílẹ̀ bó ṣe wà. Kó jẹ́ ibi tí àwọn akọrin á ti jókòó de ìgbà tó bá kàn wọ́n, kí ẹni tó bá wọlé sì rí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn magini. Yàrá tó jìnnà sí títì jù lọ ni kí ẹ fi ṣe ibi ìgbohùnsílẹ̀.

Ó wá ku yàrá inú yàrá.

Ògiri amọ̀ ni ògiri àkọ́kọ́ yín. Ògiri kejì, ẹ̀yin lẹ máa gbé e dúró nínú rẹ̀: férémù irin fẹ́lẹ́, gypsum board, ìyẹn pátákó tí wọ́n fi POP ṣe, ìpele méjì lójú inú, àti rockwool, òwú tí wọ́n fi òkúta ṣe, láàárín àwọn irin náà. Mo yan irin nítorí ikán. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé òkè Ọya pẹ́ mọ ohun tí ikán ń fi pákó ṣe, pàápàá níbi tí ojú ò tó. Ìpele méjì gypsum board yẹn wúwo tó nǹkan bí 20 kìlógíráàmù ní mítà onígun mẹ́rin kan.

Ìbéèrè tó kàn ni pé, báwo ni kí àlàfo láàárín ògiri méjèèjì ti fẹ̀ tó? Ibí yìí ni kí ẹ bá mi fara balẹ̀ sí. Atẹ́gùn tó wà láàárín ògiri méjì máa ń na, ó sì máa ń sún kì. Ìwọ̀n ohùn kan wà tí ògiri méjèèjì á jọ máa jó sí, níbẹ̀ sì ni ariwo á ti kọjá jù. Pẹ̀lú ògiri amọ̀ tó wúwo tó báyìí, bí àlàfo bá jẹ́ 10 sẹ̀ǹtímítà, ìwọ̀n ohùn náà á bọ́ sí nǹkan bí 43 Hertz, ìyẹn ni pé ó ń gbọ̀n nígbà 43 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ẹ kò sì ní rí èrè gidi kan àfi lókè 60. Bẹ́ẹ̀, jẹnẹrétọ̀ dísẹ́ẹ̀lì onísílíńdà mẹ́rin tó ń yí nígbà 1500 ní ìṣẹ́jú kan, 50 Hertz gan-an ni ìkùnsínú rẹ̀ ti ń lágbára jù. Ẹ ti kọ́ yàrá yín síbi tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń kan ilẹ̀kùn. Bí ẹ bá fẹ àlàfo náà sí 20 sẹ̀ǹtímítà, ìwọ̀n náà á lọ sílẹ̀ sí 30 Hertz, jẹnẹrétọ̀ á sì bọ́ sí ibi tí ògiri yín ti ń ṣiṣẹ́. Mo mọ̀ pé ó ń dunni láti pàdánù ààyè. Yàrá oní-mítà 4 á di 3.4 nígbà tí ẹ bá yọ àlàfo àti férémù kúrò lọ́tùn-ún lósì. Ẹ fara mọ́ ọn.

Ẹ má ṣe lẹ board mọ́ ẹ̀yìn férémù náà. Mo ti rí i ní ọ̀pọ̀ ibi: wọ́n á fi pláíwúùdù bo ògiri àtijọ́ kó lè dán, wọ́n á wá gbé férémù dúró, wọ́n á fi board sí iwájú àti ẹ̀yìn. Lójú wọn, bó bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe ń dára tó. Ṣùgbọ́n àlàfo kan tó fẹ̀ ni wọ́n pín sí kéékèèké yẹn, àlàfo kékeré sì ń gbé ìwọ̀n ohùn tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan padà sókè. Owó wọn pọ̀ sí i, jẹnẹrétọ̀ ń wọlé sí i. Gbogbo board tí ẹ bá rà, ojú inú kan náà ni kí ẹ to gbogbo rẹ̀ sí. Ẹ̀yìn férémù tó kọjú sí ògiri amọ̀, ẹ fi rockwool rẹ̀ sílẹ̀ ní ìhòòhò.

Sílíìnì yàrá inú, orí àwọn ògiri inú ni kó jókòó lé. Bí ẹ bá so ó rọ̀ mọ́ azara, ìyẹn àwọn igi giginya tó gbé òrùlé àtijọ́ dúró, ẹ ti la ọ̀nà fún ariwo páànù nígbà òjò, ẹ sì ti di ẹrù ru igi tí kò mọwọ́mẹsẹ̀. Gbogbo yàrá inú yìí lápapọ̀ lè wúwo tó tọ́ọ̀nù 2. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e lọ sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé amọ̀ láéláé. Ilẹ̀ ni kó wà, lórí ìpìlẹ̀ tó fẹ̀, kí rọ́bà sì wà lábẹ́ rẹ̀. Rọ́bà náà ní ìwọ̀n tirẹ̀ o. Èyí tó le jù fún ẹrù tó gbé kò ní tẹ̀, ohun tí kò bá sì tẹ̀, kò lè gba ìmìtìtì mu.

Ọ̀nà yìí kì í ṣe tèmi. Ilé tó wà níwájú sítúdíò Abbey Road ní Lọ́ńdọ̀nù, ọdún 1831 ni wọ́n kọ́ ọ, ilé gbígbé ni. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Gramophone, àwọn tó ń ṣe àwo orin, rà á ní 1929, inú ọgbà tó wà lẹ́yìn ilé ni wọ́n kọ́ àwọn yàrá ìgbohùnsílẹ̀ ńláńlá sí, wọ́n sì ṣí i ní 1931. Ojú ilé náà ṣì wà títí di òní, àwọn ènìyàn sì ń ti ìlú òkèèrè wá wò ó. Ní ìlú kan náà, ṣọ́ọ̀ṣì tí Alfred Waterhouse yàwòrán rẹ̀ ní Hampstead di sítúdíò AIR ní 1992. Àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí mọ̀ pé ilé àtijọ́ lówó nínú. Ó yẹ kí àwa náà mọ̀ ọ́n ní Zaria, ní Kano, ní Lokoja.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ omi, nítorí omi ló ń pa ilé amọ̀. Àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Nígbà tí a dé ilé Màmá, ìsàlẹ̀ ògiri kan ti ń ṣí bọ́ọ̀bọ́ọ̀, ó rí jíjẹ. Wọ́n ní iyọ̀ ilẹ̀ ni. Mo wo òkè, mo rí páìpù ẹ́ẹ́sì yàrá kan tó ń kán tó, tó, tó, sí ẹsẹ̀ ògiri náà gan-an, ilẹ̀ ibẹ̀ sì ti di ẹrẹ̀. Irú omi kékeré yẹn, ní gbogbo ọjọ́ tí ooru bá mú, lè gbé ògiri tó ti dúró láti ayé bàbá wa ṣubú. Mítà kan péré ni a fi páìpù náà gùn sí i, a gbé omi lọ sí gọ́tà.

Magini àgbà kan la pè láti tún ibẹ̀ ṣe, bàbá kan tí iṣẹ́ náà wà nínú ìran rẹ̀. Kò jẹ́ kí a gbé sìmẹ́ǹtì sún mọ́ ọn. Ó ní ògiri amọ̀ ń mí, pé sìmẹ́ǹtì á dí i nímú, omi tó bá há sí ẹ̀yìn rẹ̀ á jẹ amọ̀ tán, rẹ́ńdà náà á sì ya bọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Amọ̀ tuntun ni ó pò, ó fi makuba sí i, ìyẹn ohun tí wọ́n ń rí lára èèpo èso igi tí a ń ti ara rẹ̀ ṣe irú. Makuba ń jẹ́ kí ojú ògiri lè gba òjò sára láìṣàn lọ. Ó fi ọwọ́ lásán tẹ amọ̀ náà mọ́ ògiri, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ dán an láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kò yára rárá. Òun náà ló dí àlàfo orí ògiri lábẹ́ páànù, lẹ́yìn tí àwọn ẹyẹ ti kúrò níbẹ̀.

Nítorí ìmí ògiri yìí kan náà, mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni da kọnkéré sí ilẹ̀ yàrá. Ilẹ̀ àtijọ́ náà, dabe tí wọ́n lù títí tó fi le, ń jẹ́ kí ọ̀rinrin ilẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá fi kọnkéré dí i, ọ̀rinrin náà á wá ọ̀nà mìíràn, ẹsẹ̀ ògiri ló sì máa gbà. Ilẹ̀ onípákó lórí rọ́bà ni kí ẹ ṣe. Kí ẹ sì fi ojú kan sílẹ̀ lára ògiri inú, tó ṣe é ṣí, tó ní rọ́bà yíká, kí ẹnìkan lè máa fi tọ́ọ̀ṣì wo inú àlàfo lẹ́yìn òjò ńlá. Ikán, omi, èkúté, ẹ ó tètè rí i.

Wáyà iná àti ti máìkì ńkọ́? Ẹ má gbẹ́ ògiri tubali láti rì páìpù sínú rẹ̀. Ní ilé Màmá, fèrèsé àtijọ́ kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ gbà wọlé: iná, wáyà, páìpù ẹ́ẹ́sì, atẹ́gùn. Pákó líle ni a fi dí fèrèsé náà, a gé ihò tó yẹ sí i, a fi ohun rírọ̀ tí kì í gbẹ dí etí wáyà kọ̀ọ̀kan. Bí ọmọ ọmọ Màmá bá kó sítúdíò rẹ̀ lọ síbòmíràn lọ́la, a ó yọ pákó náà, fèrèsé á sì wà bí ó ti wà.

Ilẹ̀kùn méjì ni kí ẹ ṣe: ọ̀kan lára ògiri amọ̀, ọ̀kan lára ògiri inú, pákó tó kún dénú, rọ́bà yíká férémù, àti rọ́bà mìíràn tó ń sọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀kùn bí ẹ bá tì í. Bí ẹ bá fẹ́ gíláàsì láàárín ẹni tó ń kọrin àti ẹni tó ń gbà á sílẹ̀, kó jẹ́ méjì tí nínípọn wọn yàtọ̀ síra. Títẹ̀ tí wọ́n ń tẹ gíláàsì sí ẹ̀gbẹ́ kan kò fi bẹ́ẹ̀ dí ariwo. Kí iná má baà tàn padà sójú ni.

Ẹ wá gbọ́ èyí o: yàrá tí ariwo kò lè wọ̀, atẹ́gùn náà kò lè wọ̀ ọ́. Ẹ́ẹ́sì tí a ń so mọ́ ògiri, atẹ́gùn inú yàrá kan náà ló ń yí po, kì í mú tuntun wọlé. Ẹ kó akọrin mẹ́fà sínú irú yàrá bẹ́ẹ̀, láìpẹ́ wọ́n á máa yán, orí á máa fọ́ wọn, ẹ ó sì rò pé orin ló sú wọn. Ẹ ṣe ọ̀nà atẹ́gùn méjì, ìwọlé àti ìjáde, nínú àpótí pákó gígùn tó yí kọ́nà lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta, tí ẹ fi rockwool tí a fi aṣọ dì tẹ́ inú rẹ̀. Kí ọ̀nà náà fẹ̀, kí atẹ́gùn lè máa rìn jẹ́jẹ́, kó má ju mítà 2 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Atẹ́gùn tó bá ń sáré ló ń hó. Ẹ fi asẹ́ sí ìwọlé, nítorí eruku ọyẹ́ òkè Ọya kì í ṣeré.

Lórí ohùn inú yàrá, mi ò ní pẹ́. Ọ̀mọ̀ràn ará Amẹ́ríkà kan, Wallace Sabine, ni Harvard gbé iṣẹ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan fún ní 1895, níbi tí ọ̀rọ̀ ẹnu olùkọ́ ti ń dún fún ohun tó ju ìṣẹ́jú-àáyá 5 lọ lẹ́yìn tó ti dákẹ́. Òru ló ń ṣiṣẹ́, bíi ti àwọn ọmọ wa, nítorí ariwo ìgboro. Ó ń kó tìmùtìmù ìjókòó wọlé, ó ń ka bí ìró náà ṣe ń kúrú tó, títí tó fi rí òfin tí a ṣì ń lò dòní: bí yàrá bá ṣe tóbi tó ni ìró ń pẹ́ tó, bí ohun tó ń gbà á mu bá ṣe pọ̀ tó ló sì ń kúrú tó. Fún ọ̀rọ̀ sísọ, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá kan dára.

Ẹ má ṣe kọ́ àkámọ́ kékeré oní-mítà 2 sí 2 tí wọ́n ń pè ní bọ́ọ̀tù. Yàrá tó fẹ̀ ní mítà 2 ń gbe ohùn 85 Hertz àti 170 lẹ́sẹ̀, àárín ibẹ̀ gan-an sì ni ohùn ọ̀pọ̀ ọkùnrin wà. Bí gígùn àti fífẹ̀ rẹ̀ bá tún dọ́gba, ó di ìlọ́po méjì. Àwa tí èdè wa dúró lórí ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀, a kò lè gbà kí yàrá máa gbé ohùn kan ga ju òmíràn lọ lẹ́nu akéwì. Ìyá ìlù náà kò ní gbádùn níbẹ̀. Ẹ ṣe yàrá kan tó tóbi dáadáa, kí gígùn, fífẹ̀ àti gíga rẹ̀ má bára dọ́gba, kí ẹ fi rockwool tó nípọn sí àwọn igun rẹ̀.

Mo padà sọ́dọ̀ fóòmù, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Ní ogúnjọ́ oṣù kejì 2003, ilé ijó kan ní West Warwick, Amẹ́ríkà, gbiná. Iná ìṣeré orí ìtàgé ló ràn mọ́ fóòmù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri nítorí ariwo. Ọgọ́rùn-ún ènìyàn ló kú. Ní oṣù kìíní 2013, irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Santa Maria ní Brazil, ènìyàn 242 kú. Èéfín fóòmù yẹn májèlé ni, ó sì ń yára ju ẹsẹ̀ lọ. Sítúdíò kò ní fèrèsé, ilẹ̀kùn rẹ̀ méjì ló wúwo. Ẹ̀yin òbí tí ẹ wà níbí, bí ẹ bá rí ọmọ yín tó ń fi fóòmù bẹ́ẹ̀dì bo yàrá, tó sì so wáyà iná kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ má wò ó níran. Rockwool kì í jó. Ẹ fi aṣọ òwú tó nípọn dì í, ẹ so ó kọ́, ó tán. Kí ilẹ̀kùn sì máa ṣí sóde, kí kọ́kọ́rọ́ má sí lára rẹ̀ nígbà tí ènìyàn bá wà nínú.

Ọ̀rọ̀ àṣẹ. Bí ilé bá wà lára àwọn tí ìjọba ti kéde gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, ẹ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ NCMM, àjọ tí òfin 1979 dá sílẹ̀ fún irú rẹ̀. Bí kò bá sí lára wọn, àwọn ẹbí ni ẹ óò bá jókòó. Ẹ bá aládùúgbò náà sọ̀rọ̀. Ilé kéú wà lẹ́yìn ilé Màmá, àwọn ọmọ ń kéwú láàárọ̀, wọn kò sì ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ìlù wa kò gbọdọ̀ di wọ́n lọ́wọ́, bí ohùn wọn kò ṣe gbọdọ̀ wọ máìkì wa. Ògiri kan náà ló ń ṣe méjèèjì. Ilé tí kò sí ẹni nínú rẹ̀ ló ń tètè wó. Ilé tó ń pa owó wọlé, ẹnìkan á máa dí páànù rẹ̀ tó bá jò. Ẹni tó ń san owó lóṣooṣù láti gba ohùn sílẹ̀ níbẹ̀ ló ń tún òrùlé oníṣòwò obì yẹn ṣe báyìí.

Ẹ̀yin tó ti ní irú ilé bẹ́ẹ̀ lọ́kàn, ẹ má tíì lọ sọ́jà. Ẹ gbé rédíò sínú yàrá náà lálẹ́, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ yí i sókè. Kí ẹ jáde síta pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, kí ẹ fi etí sún mọ́ ògiri láti igun dé igun, etí ilẹ̀kùn, etí fèrèsé, abẹ́ páànù. Ibi tí ẹ bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ dáadáa, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹ gbé rédíò lọ síta, kí ẹ ti ara yín mọ́ inú yàrá, kí ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn àmì yẹn ni ẹ óò fi han magini, kápẹ́ńtà àti ẹni tó ń ta rọ́bà, ibẹ̀ sì ni owó yín máa kọ́kọ́ lọ. Ẹ gbé ìbéèrè yín wá, mo ti ṣe tán láti gbọ́.